Má fọwọ́ gbé àmì sábẹ́ lẹ́tà ọ: lórí fọ́ǹtì aláfọwọ́kọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣe káàdì ìgbéyàwó. Bí mo bá fi fọ́ǹtì aláfọwọ́kọ (irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́) tẹ orúkọ, ẹ, ọ àti ṣ máa ń yàtọ̀ sí àwọn lẹ́tà yòókù. Wọ́n ní kí n yọ àmì kúrò, tàbí kí n gbé àmì ìdánudúró sábẹ́ lẹ́tà. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kọ̀ǹpútà rẹ kò bàjẹ́. Ẹni tó ya fọ́ǹtì yẹn ni kò ya ẹ, ọ àti ṣ sínú rẹ̀. Lẹ́tà tí fọ́ǹtì kò bá ní, kọ̀ǹpútà á lọ yá a lára fọ́ǹtì mìíràn.

Ta ló ní kí o yọ àmì? Lórí káàdì ìgbéyàwó! “A fi ọ̀wọ̀ pè yín” á di “a fi owo pe yin”, “ọkọ ìyàwó” á di “oko iyawo”. Ṣé èyí ni wàá gbé fún àwọn àna ní Ìkẹ́rẹ́? Àmì ìdánudúró tí o fọwọ́ gbé sábẹ́ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò so mọ́ lẹ́tà. Bí o bá ṣí orúkọ nípò tàbí tí o yí àlàfo padà, lẹ́tà á lọ, àmì á dúró síbi tó wà. Jọ̀ọ́, jáwọ́ ńbẹ̀.

Fọ́ǹtì mìíràn ni kí o wá. Kí o tó yan èyíkéyìí, fi tẹ ìlà yìí: Ṣẹ́gun, Ọ̀ṣun, Ẹ̀fọ̀n, Ìkẹ́rẹ́, ń, ǹ. Wo ẹ́ àti ọ̀ dáadáa. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní kóòdù tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: ẹ ni, tí àmì ohùn U+0301 tẹ̀ lé. Bí ayafọ́ǹtì kò bá ṣètò ibi tí àmì ohùn máa jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ló máa bọ́ sí. Má sì jẹ́ kí “ó gba èdè Vietnam” tí wọ́n bá kọ nípa fọ́ǹtì tàn ọ́: èdè yẹn ní ẹ àti ọ, kò ní ṣ.

Orúkọ tọkọtaya àti àkọlé nìkan ni kí o fi fọ́ǹtì aláfọwọ́kọ kọ. Fọ́ǹtì lásán, tí lẹ́tà rẹ̀ kò so kọ́ra, ni kí o fi kọ àdírẹ́sì àti àkókò. Má fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ orúkọ nínú fọ́ǹtì tí lẹ́tà rẹ̀ so kọ́ra, kò ní ṣeé kà. Fẹ àlàfo ìlà sí nǹkan bí 140%, kí àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan má baà gún àmì ohùn ìlà kejì.

Mi ò rí fáìlì rẹ, nítorí náà tẹ ẹyọ kan wò kí o tó tẹ igba. Bó bá jẹ́ CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, lo ń lò, pa ẹ̀dà kan mọ́ tí o lè túnṣe, kí o wá fi Ctrl+Q sọ ọ̀rọ̀ inú èkejì di àwòrán kí o tó gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Ka ìwé àṣẹ fọ́ǹtì náà pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ kò gba kí o fi ṣiṣẹ́ owó.