Ṣé ó lòdì sí àṣà láti da àlọ́, ọfọ̀ àti ìfẹ́ pọ̀ mọ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́?

Ìbéèrè: Òǹkọ̀wé kan ní Òṣogbo ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọ́n jí ẹrù àdìrẹ kan gbé lọ́jà nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ fi ìfẹ́, àlọ́ àti ọfọ̀ sí i. Ẹnì kan sọ fún un pé àṣà òyìnbó ni irú àdàlù bẹ́ẹ̀, pé nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni àlọ́, ọ̀tọ̀ ni ìtàn. Ó ń béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bí òun ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dàrú.

Ìdáhùn: Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín gba ibì kan, ó ṣi ibì kan. Lóòótọ́, ọdẹ ló ń sun ìjálá, eléégún ló ni ẹ̀sà, ìyàwó tó ń relé ọkọ ló ń sun ẹkún ìyàwó, alẹ́ ni wọ́n sì ń pàlọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn baba wa yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ ni ẹni tó ni ín, àsìkò rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọn ò sọ pé wọn ò gbọdọ̀ pàdé.

Ẹ wo ìtàn ìlú Òṣogbo fúnra rẹ̀. Ìtàn ìṣílọ ni nígbà tí Lárooyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá omi. Ó di ìtàn ọdẹ nígbà tí Tìmẹ́hìn wọ igbó, tó já sétí odò. Wọ́n gé igi, igi wó sómi, ohùn kan bá ké láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán: ìtàn abàmì dé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló kan àdéhùn láàrin ìlú àti Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ ìṣèlú pọ́ńbélé. Ẹ̀yà mẹ́rin nínú ìtàn kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn, torí omi ló so wọ́n pọ̀. Omi ni wọ́n ń wá, ẹni tó ni omi ló bá wọn wí, òun náà ni wọ́n bá mulẹ̀.

Nínú ìwé tiyín, ẹrù àdìrẹ yẹn ni omi. Ó gbọ́dọ̀ kan ìfẹ́, kó kan àlọ́, kó kan ọfọ̀. Bí ọmọbìnrin inú ìtàn bá kàn ń fẹ́ ọlọ́pàá lásán, ìtàn méjì lẹ ń kọ sínú ìwé kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló rẹ aṣọ náà láró, tí ọmọ wá dá ọnà tí ìyá rẹ̀ fi ìyẹ́ adìẹ kọ mọ̀ lára bùbá tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọ̀ wá, ìfẹ́ àti ẹ̀sùn ti di ọ̀kan.

Ọba méjì kì í gbé ààfin, ẹ̀yà kan ló gbọ́dọ̀ ṣe olórí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ìbéèrè "ta ló jí i?" hàn láàrin ojú ewé márùn-ún àkọ́kọ́, kí òǹkàwé sì ti rí ẹ̀rí kí ọlọ́pàá tó lò ó.

Ọfọ̀ ló máa ń ba irú ìwé yìí jẹ́ jù. Bí ọfọ̀ bá mú olè jẹ́wọ́ lójú ewé tó kẹ́yìn, ẹni tó ti ń ṣa ẹ̀rí jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ á gbà pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Ẹ mú un wọlé ní orí kejì, kó ṣiṣẹ́ lórí nǹkan kékeré, kí a sì mọ èèwọ̀ rẹ̀: bóyá ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó tó pè é. Tó bá wá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ní orí kẹwàá, òǹkàwé á bi ara rẹ̀ pé ta ló kí i láàárọ̀ yẹn. Ìyẹn ti di ẹ̀rí. Ní ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìró ló ń gbé e. "Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́" bá ẹni tí kò fẹ́ tẹ́ mu. Kò wúlò fún ẹni tó ń wá ẹrù. Ìlà mẹ́ta tó bá ohun tí wọ́n ń tọrọ mu sàn ju ogún ìlà tó kàn ń dún bí ààrá.

Orin inú àlọ́ àpagbè náà ní iṣẹ́. Ó ń jí ọmọ tó ń tòògbé, ó ń fa àwọn tó ń gbè wọnú ìtàn, ó sì ń padà wá bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gbóná sí i, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ìwé kò sẹ́ni tó máa gbè, àtúnwí lásán á sú èèyàn. Ẹ kọ ìlà mẹ́rin tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà kejì, ẹ fi lílé nìkan sí i. Nígbà kẹta, ẹ yí ọ̀rọ̀ kan padà: ìyá àgbà tó ń pàlọ́ lẹ́yìnkùlé lé orin Ìjàpá olè, ṣùgbọ́n dípò "ó gba ọ̀nà oko," ó ní "ó gba ọ̀nà odò." Àwọn ọmọ gbè é lọ. Ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló gbọ́ ìyàtọ̀.

Ẹkún ìyàwó ní tirẹ̀, ẹ má fi sí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ìgbà tí ọmọ bá ń kúrò nílé ni àsìkò rẹ̀. Ó tún ń fún ìyàwó láàyè láti sọ lójú ẹbí ohun tí kò lè sọ lọ́jọ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni ò sì ní pè é ní aláfojúdi. Fún ìtàn ọ̀ràn, ẹ̀bùn nìyẹn.

Irú ẹ̀sùn àdàlù yìí kan Dúró Ládiípọ̀ tó ń ṣe eré orí ìtàgé náà, ẹni tó wà lára àwọn tó dá Ḿbárí Ḿbáyọ̀, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Ìlù tó fi sínú orin ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn kan nínú. Nígbà tí ó gbé e bọ́ sórí ìtàgé, tí bàtá, oríkì àti ọfọ̀ jọ ń ti eré kan ṣoṣo síwájú, àwọn èèyàn gbà á.

Kí ẹ tó parí, ẹ mú bíírò pupa àti búlúù. Ẹ fi pupa fàlà sábẹ́ ohun tó kan olè, kí ẹ fi búlúù fàlà sábẹ́ ìfẹ́. Bí búlúù bá lọ ní ojú ewé mẹ́ta láìsí pupa, okùn ti já níbẹ̀.

Ó ku ìparí àlọ́. "Àlọ́ o!" "Àlọ̀!" lè dúró bó ṣe wà, torí ó ń sọ fún òǹkàwé pé ohùn ti yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyá àgbà tètè sọ pé "ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká," torí ẹnikẹ́ni ò ní wá nǹkan kan nínú àlọ́ náà mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọlọ́pàá já a lẹ́nu kó tó débẹ̀. Kó wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní orí tó kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n bá ti mú olè.