Ṣé kí n bá àwọn ọmọ mi wo Mrs. Doubtfire?

Ìbéèrè: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọdún kejì rèé tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti kọ ara wa sílẹ̀. Ọmọ ọdún 12 àti 9 ni wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wà lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ká jọ wo Mrs. Doubtfire, fíìmù bàbá tó múra bí ìyá àgbà kó lè wà nítòsí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ máa retí pé a máa padà fẹ́ra. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Bùrọ̀dá mi, ẹ bá wọn wò ó. Daniel, bàbá inú fíìmù náà, tí Robin Williams ṣe, kò padà di ọkọ ìyàwó rẹ̀ títí eré fi parí. Àyè àtimáa rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ ló gbà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á kó tó débi tó ti ń dá ọmọbìnrin kan tí òbí rẹ̀ pínyà lóhùn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àmì PG-13, ìyẹn ni pé kí òbí ṣọ́ra bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 13, ni wọ́n fi sí i ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ rírùn díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá a wò nítorí ọmọ ọdún 9 yẹn.

Nígbà tí èmi àti àwọn tèmi wò ó, ìgbà tí bàbá yẹn ki ojú bọ kéèkì kí wọ́n má baà dá a mọ̀, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Àmọ́ nígbà tí adájọ́ ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ tó bá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, àbíkẹ́yìn mi dákẹ́. Ó di apá aṣọ mi mú. “Dádì, ṣé wọ́n lè ní kẹ́nì kan máa ṣọ́ ẹ̀yin náà?” Mo dá fíìmù dúró. A sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, mo sì gbà á lọ́wọ́ ìbẹ̀rù tí n ò mọ̀ pé ó ń gbé kiri.

Irọ́ ni bàbá yẹn pa, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nígbà tó jẹ́ bàbá, eré nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tó wọ aṣọ ìyá àgbà ló tó kọ́ oúnjẹ sísè, tó sì ń ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ àmúrelé kí wọ́n tó tan tẹlifíṣọ̀n. Èyí wọ̀ mí lára. Mo bẹ ìyá àwọn ọmọ mi pé kó jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní aago méje alẹ́ ká jọ máa ṣe iṣẹ́ náà. Ó gbà, n kì í sì í pa á jẹ.

Ọkùnrin kan ń fẹ́ ìyá wọn nínú eré yẹn. Bí àwọn ọmọ yín bá torí ẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ pinpin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èyí tó bá wù wọ́n.