Àtíbàbà tí Ìjì Aṣálẹ̀ Kò Ní Gbé Lọ: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé ní sáà yìí wá látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà tó ń múra Burning Man, àpéjọ ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Black Rock Desert, ní ìpínlẹ̀ Nevada, láti ìparí oṣù kẹjọ wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ìsàlẹ̀ adágún omi àtayébáyé tó ti gbẹ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí igi, kò sí àpáta tí èèyàn lè so okùn mọ́. Oòrùn ọ̀sán á mú ganrínganrín, atẹ́gùn á sì dédé dìde, á gbé eruku funfun débi pé ẹni tó jókòó tì yín gan-an, ẹ lè má rí i mọ́. Àwọn ìbéèrè tí a ṣà nìyí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. A ní kánópì kan tó ṣeé ká, tí a máa ń nà sí ẹ̀yìnkùlé bí a bá ní òde. Ṣé a ò lè gbé e lọ ká má baà náwó míì? (Òǹkàwé kan, Houston)

Ẹ lè gbé e dání, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé òun nìkan. Irin tó ń ká lábẹ́ òrùlé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bóòtì kékeré kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀ níbi tí méjì ti pàdé. Ihò bóòtì yẹn ló máa ń kọ́kọ́ fàya. Atẹ́gùn á gbé igun kan sókè, irin á lọ́, ihò á ya, kánópì ò sì ní ká mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣírò ni agbára atẹ́gùn fúnra rẹ̀. Ẹ mú òrùlé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí atẹ́gùn tó ń sá kìlómítà 64 ní wákàtí kan bá fi gbogbo ara kọ lu aṣọ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní ihò kankan, ohun tó ń tì í lé ní kílò 300. Bí eré atẹ́gùn náà bá di kìlómítà 96, agbára yẹn á ju ìlọ́po méjì lọ, á lé ní kílò 700. Eré lé ní ìdajì, agbára lé ní ìlọ́po méjì: ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ pé "atẹ́gùn àná ò ṣe é ní nǹkan kan" ti máa ń ṣìṣe.

Bó bá jẹ́ òun náà lẹ fẹ́ lò, ẹ bọ́ aṣọ òrùlé rẹ̀ sílé, kí ẹ fi àwọ̀n ìbòòji, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ewéko, rọ́pò rẹ̀. Nínú àwọn ihò ara ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹ fi ń yan bó ṣe máa ga tó, ẹ lo èyí tó relẹ̀ jù. Ẹ so okùn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè, lára irin. Èèkàn tí ẹ kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ nìkan kò tó, nítorí òkè ni atẹ́gùn ti ń fà á.

Kí ni kí a fi kọ́ èyí tó máa gba èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí kò ní gbówó lórí? Àwọn kan ní páìpù rọ́bà dára, àwọn kan ní irin. (Tọkọtaya kan, Sacramento)

Irin ni àwa yóò mú. Kì í ṣe irin olówó ńlá: páìpù EMT ni, èyí tí àwọn oníná ń gba wáyà inú rẹ̀. Àwọn ilé ìtajà ohun ìkọ́lé bíi Home Depot àti Lowe's ń tà á ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ mú oní-ínṣì 1. Oní-ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin wọ́n kéré sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ̀ láàárín.

Fún àtíbàbà olórùlé pẹrẹsẹ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 20, páìpù 13 ni ẹ nílò. Mẹ́rin fún ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, mẹ́ta ní ìdábùú, mẹ́fà fún ẹsẹ̀. Ẹ gé mẹ́fà ti ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 7. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta-mẹ́ta tó bá ṣẹ́kù, ẹ má sọ ọ́ nù: òun ni ọ̀pá ìtì tí yóò dábùú igun. Ẹ fi òòlù lu orí rẹ̀ méjèèjì pẹlẹbẹ, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ fi bóòtì dè é láti ara ẹsẹ̀ lọ sí ara òrùlé. Bí ó bá dagun dáadáa, ibi tó ti kan ẹsẹ̀ á fi bí ẹsẹ̀ bàtà 2 jìnnà sí igun. Ẹ fi mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ gígùn, kí méjì tó kù lọ sí ẹsẹ̀ àárín, kí ó gba ìdábùú. Láìsí ọ̀pá yìí, gbogbo rẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún sósì títí oríkèé yóò fi tú.

Oríkèé irin ni ohun tó ń so páìpù pọ̀. Mẹ́rin ẹlẹ́nu mẹ́ta fún igun, méjì ẹlẹ́nu mẹ́rin fún àárín. Ẹ mú ègé páìpù kan dání lọ sí ọjà, nítorí "ínṣì 1" tí wọ́n ń pè é kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn EMT oní-ínṣì 1 jẹ́ nǹkan bí ínṣì 1.16. Ti páìpù omi tí wọ́n ń fi orúkọ kan náà pè nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, oríkèé tiwọn á sì máa mì lára tiyín.

Páìpù rọ́bà ní ìwúlò tirẹ̀. Bí owó ò bá sí rárá, ẹ ra 10, kí ẹ fi ìsopọ̀ márùn-ún so wọ́n ní méjì-méjì, kí ẹ kan irin ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 3 mẹ́wàá mọ́lẹ̀ dé ìdajì, kí ẹ wá tẹ páìpù náà kọdọrọ bọ àwọn irin náà lórí. Ẹsẹ̀ bàtà 20 tí ẹ bá tẹ̀ báyìí á fẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 12 àtààbọ̀ nílẹ̀, àárín rẹ̀ á sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 4 sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Ó máa ń tẹ̀ fún atẹ́gùn, ìyẹn dára. Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn ń sọ rọ́bà di gbígbẹ. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan ó lè fọ́ yángá, èérún rẹ̀ sì mú.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Apá mi ò gbé kí n máa fi òòlù gbá irin mọ́lẹ̀ lábẹ́ oòrùn. Kí ni ṣíṣe? (Bàbá kan, Chicago)

Bàbá wa, ẹ kú ìrònú. Ìbéèrè yín yìí ló ṣe kókó jù nínú gbogbo lẹ́tà tó dé. Àtíbàbà tó bá fò lọ, èèkàn ló máa ń jẹ̀bi, kì í sábà jẹ́ páìpù. Bó bá jẹ́ pé owó yín ò tó, ẹ dín òrùlé kù, ẹ má dín èèkàn kù.

Ilẹ̀ Black Rock le, ó sì dì, nítorí náà ó máa ń di sukúrúù mú dáadáa. Ẹ ra lag screw, ìyẹn sukúrúù ńlá olórí igun mẹ́fà, tó nípọn ní ìdajì ínṣì, tó gùn ní ínṣì 14. Ẹ fi wọ́ṣà fífẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ fi ṣéènì olóríkèé mẹ́ta kan sábẹ́ wọ́ṣà, kí ẹ wá fi impact driver alábátìrì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wé sukúrúù, wé e wọlẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin ló bá orí rẹ̀ mu. Kì í pẹ́ wọlẹ̀ rárá. Ṣéènì tó yọ sókè ni ẹ ó so okùn mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn, ó jáde nìyẹn. Ẹ mú bátìrì méjì lọ, kí ẹ sì fi òòlù kan sínú ẹrù, nítorí ẹ̀rọ lè kú.

Ọmọ tó bá lágbára lè lo irin rọ́ọ̀dù ìdajì ínṣì (àwọn bíríkìlà wa nílé á pè é ní 12), kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kí wọ́n tẹ orí rẹ̀ bí orí ọ̀pá àgbà kí okùn má baà yọ. Kí orí rẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá. Irin tó bá yọrí sókè, ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹníìsì tàbí ike omi dé e lórí. Ojúgun àwọn tó ń rìn lóru ni ó máa ń gún. Àwọn èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá àgọ́ wá láti ilé ìtajà, ẹ fi wọ́n sílé.

Iye rẹ̀: ọ̀kan nídìí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà nìyẹn. Okùn méjì láti orí igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́jọ. Ọ̀kan láti orí ẹsẹ̀ àárín kọ̀ọ̀kan, méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Kí èèkàn okùn jìnnà sí ẹsẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ náà ṣe ga, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 7. Bí okùn bá dúró ṣánṣán jù, ńṣe ni yóò máa fa èèkàn yọ sókè. Ẹ so ó mọ́ ibi tí èèkàn ti wọlẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá so ó sókè díẹ̀, èèkàn á máa ṣí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bẹ́líìtì ìdẹrù oní-ratchet, irú èyí tí awakọ̀ fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀, sàn ju okùn náílọ́ọ̀nù tó máa ń nà. Ẹ lọ́ bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó fà á le. Èyí tó bá tẹ́ pẹlẹbẹ á máa gbọ̀n nínú atẹ́gùn, á máa kùn ní gbogbo òru, á sì máa dẹ̀.

Tapólì aláwọ̀ búlúù ò ṣe é lò ni? Owó rẹ̀ ló kéré jù. (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Reno)

Ó ṣe é lò bí atẹ́gùn ò bá fẹ́. Tapólì kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, á máa lu pápápá, ihò onírin etí rẹ̀ á já lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá sì ti já, ẹrù rẹ̀ di ti ẹnìkejì. Ooru náà á há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ra àwọ̀n ìbòòji tí wọ́n fi ń bo ewéko, èyí tó ń dí ìdá 70 sí 80 nínú 100 ìtànṣán oòrùn. Atẹ́gùn á gba inú rẹ̀ kọjá, ooru á bá òkè jáde. Èyí tó ń dán bí fàdákà, tí wọ́n ń pè ní Aluminet, ń dá oòrùn padà. Ó wọ́n ju dúdú lọ. Kí ó kéré díẹ̀ sí òrùlé kí ẹ lè fà á le. Ẹ fi rọ́bà tó ń nà, tó ní bọ́ọ̀lù kékeré lórí, so ó, ọ̀kan ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà méjì. Rọ́bà yẹn, fún aṣọ nìkan ni o. Kò gbọdọ̀ dé ìdí èèkàn.

Lọ́dún tó kọjá, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, abẹ́ àtíbàbà wa ò ní ìbòòji kankan. Kí ló fà á? (Òǹkàwé kan, Oakland)

Òrùlé yín wà níbẹ̀. Ìbòòji rẹ̀ ló ti lọ sílé aládùúgbò. Ní ìparí oṣù kẹjọ ní Black Rock, ní aago márùn-ún, oòrùn ti sọ̀kalẹ̀ sí bí dígírì 28 péré lókè ilẹ̀, ní ìwọ̀-oòrùn tó fi díẹ̀ tẹ̀ sí gúúsù. Etí òrùlé tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 á da òjìji rẹ̀ sí bí ẹsẹ̀ bàtà 13 sí ìlà-oòrùn. Bí òrùlé yín kò bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, òjìji náà ti kọjá rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí gígùn rẹ̀ lọ láti àríwá sí gúúsù, kí ẹ wá fi àwọ̀n kan náà ṣe ògiri sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, láti òkè wá, kí ó ku ẹsẹ̀ bàtà 1 kí ó kan ilẹ̀. Ẹ má fi tapólì ṣe ògiri yìí láéláé: ọ̀nà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn náà ni atẹ́gùn líle sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ so ó lọ́nà tí ẹnì kan á fi lè tú u láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè gbé ọkọ̀ yín sí ẹ̀gbẹ́ yẹn náà, òun fúnra rẹ̀ ògiri ni.

Bí àgọ́ ìsùn yín bá wà lábẹ́ rẹ̀, kí orí àgọ́ má kan àwọ̀n. Ẹsẹ̀ bàtà 1 ó kéré tán.

Ìyanrìn rírọ̀ ni ti wa, Imperial Sand Dunes ní California. Sukúrúù kò dúró. (Òǹkàwé kan, San Diego)

Kò lè dúró. Ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ rọ ìyanrìn kún àpò, ẹ so okùn mọ́ àárín àpò náà, ẹ tẹ́ ẹ dábùú sínú ihò, ẹ bò ó, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyanrìn tó wà lórí rẹ̀ ló ń di okùn mú.

Báwo ni a ṣe ń tò ó, báwo la sì ṣe ń tú u? (Tọkọtaya ti Sacramento náà)

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ tò ó, kí atẹ́gùn tó jí. Ẹ to òrùlé nílẹ̀, ẹ ta àwọ̀n sí i, ẹ so gbogbo bẹ́líìtì mọ́ ọn lókè. Kí èèkàn ti wà nílẹ̀. Ẹ wá gbé ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ tó gbé èkejì. Èèyàn mẹ́rin dára, méjì lè ṣe é bí atẹ́gùn ò bá fẹ́. Ẹ tún bẹ́líìtì fà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ìjì bá ń bọ̀, ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Bó bá kọjá agbára, ẹ yọ àwọ̀n òrùlé náà. Páìpù lásán kò ní ohun tí atẹ́gùn máa dì mú.

Nígbà tí ẹ bá ń tú u, àwọ̀n ló ń kọ́kọ́ kúrò, bẹ́líìtì ló kẹ́yìn. Rọ́ọ̀dù tó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ da omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ẹ fi sípánà páìpù yí i lọ yí i bọ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹ ka èèkàn: 16 wọlẹ̀, 16 gbọ́dọ̀ jáde, nítorí ọ̀kan tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ yẹn lè lu táyà ẹlòmíì. Eruku ibẹ̀ ní èròjà bíi ti eérú tó ń jẹ irin àti awọ ara. Nílé, ẹ fi fínígà tí ẹ bu omi là nu páìpù àti oríkèé, kí ẹ tó fi omi ṣàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó wọn pamọ́.