Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà ń fún kọ́ńpìnnì kéékèèké lówó ìwádìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, green card la ní, bátìrì tuntun la ń ṣe. Wọ́n ní ìjọba máa fún wa lówó tá ò ní dá padà. Ṣé wọn ò ní gba kọ́ńpìnnì mọ́ wa lọ́wọ́ ṣá?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o. SBIR lorúkọ ẹ̀, ìyẹn ètò owó ìwádìí fún kọ́ńpìnnì kéékèèké, ọdún 1982 ni wọ́n ti ṣòfin ẹ̀, òfin yẹn ló ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń náwó ńlá sórí ìwádìí máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú yín, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní DOE ló ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára iná bíi bátìrì yín, ká ní ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí bọ́ǹbù lẹ ń ṣe ni, DHS, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ààbò abẹ́lé, ni mi ò bá ní kẹ́ ẹ lọ. Green card ò dí yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ ṣáà ti ni ju ìdajì kọ́ńpìnnì lọ, kí òṣìṣẹ́ má sì ju 500. Ìjọba ò ní gba ṣíà kankan.

Ìpele mẹ́ta ni SBIR ní. Ìpele kìíní lẹ ti máa fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, kò sábà ju ọdún kan lọ, ìpele kejì tó máa ń tó ọdún méjì lẹ máa wá kọ́ ẹ̀rọ gan-an. Ìpele kẹta, tẹ́ ẹ máa gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́jà, ló máa ń ká mi lára torí owó SBIR ò wọ ibẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ gidi ló ń kú síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, àtìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ ti máa wá ẹni tó máa rà á.

Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí DOE pé ẹ fẹ́ du owó náà, ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un ò gbọdọ̀ kọjá o, kí ẹni tó máa ṣáájú ìwádìí náà sì jẹ́ òṣìṣẹ́ yín ní tòótọ́.