Aṣọ akọrin inú náílọ́ọ̀nù

Àbúrò tó ń béèrè bóyá kí wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọ akọrin yín tó lóyún láìtíì ṣègbéyàwó, kí wọ́n sì ka orúkọ ẹ̀ níwájú ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Èmi ti ṣe é rí. Èmi ni akọ̀wé akọrin ní ìjọ wa n'Íbàdàn lọ́dún 2009. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìwé tí wọ́n kà jáde, èmi náà ni mo sì takú pé dandan ni kí wọ́n kà á, pé tí a bá gbójú fò ó, àwọn tó kù á máa ṣe bó ṣe wù wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìdánrawò, ọmọ náà gbé aṣọ ẹ̀ wá. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ojú áyọ́ọ̀nù hàn ketekete lápá ẹ̀. Ó ká a sínú náílọ́ọ̀nù, ó fi fìlà lé e lórí. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo gbà á, mo wá ní kó fọwọ́ sí ìwé pé ó ti dá a padà. Ìwé, ẹ gbọ́ o!

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n ka orúkọ ẹ̀, ẹni tó fún un lóyún wà lórí ìlà ẹ̀yìn, ó ń kọ bẹ́ẹ̀sì. Gbogbo wa mọ̀. A ní kò sẹ́rìí. Ikùn tiẹ̀ ni kò yọ. Ẹ tún Jòhánù orí 8 kà: obìnrin tí wọ́n ká mọ́ panṣágà nìkan ni wọ́n wọ́ wá bá Jésù, bẹ́ẹ̀, òfin inú Léfítíkù 20:10 dárúkọ ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ibẹ̀, mi ò fura. Nígbà tí Jésù ní kí ẹni tí kò lẹ́ṣẹ̀ kọ́kọ́ sọ òkúta lù ú, àwọn àgbà ló kọ́kọ́ jáde lọ níbẹ̀ o. Èmi, ńṣe ni mo fìdí kalẹ̀.

Ẹ ní kí àwọn tó kù lè kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́: wọ́n kọ́ bí wọ́n á ṣe máa fi nǹkan pamọ́ fún wa.

Mi ò ní kí ẹ pe àìdáa ní dáadáa. Ẹ pe àwọn méjèèjì, kí pásítọ̀ àti ìyá kan tí ẹnu ẹ̀ kì í jò bá wọn jókòó nílé. Tó bá bímọ, kí akọrin lọ kọrin níbi ìkómọ. Àwa ò lọ sí ti ọmọ akọrin wa yẹn.

Lọ́dún 2016 ni mo tó wá ilé ẹ̀ kàn. Ìjọ mìíràn ló ń lọ. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó di apá mi mú. Ó gbé málíìtì tútù fún mi, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá, sà." Kò sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà ò sì lè béèrè. Ọmọ ẹ̀ ti iléèwé dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ta ni wọ́n?"

Ó ní, "Àwọn ló máa ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ ní kúáyà."