Ṣé ẹni tórúkọ ẹ̀ ṣíwájú nínú pépà ìṣirò ló ṣiṣẹ́ jù?

Àbúrò, o ní ìwọ àti ọ̀gá ẹ jọ kọ pépà ìwádìí ìṣirò, ìwọ lo ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, orúkọ ọ̀gá tó fi A bẹ̀rẹ̀ ló wá ṣíwájú tìẹ tó jẹ́ S, ọ̀rẹ́ ẹ tó ń ṣe baiọ́lọ́jì sì ní wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ rárá. Lọ́dọ̀ àwọn oníbaiọ́lọ́jì, ẹni àkọ́kọ́ ló ṣiṣẹ́ jù, ọ̀gá tó ni láàbù ló máa ń kẹ́yìn. Nínú ìṣirò, ABD orúkọ bàbá la fi ń tò ó, ọ̀gá ni o, ọmọ iṣẹ́ ni o.

Ìdí ẹ̀ ni pé èrò ò ṣeé pín bí ẹran. Ẹni méjì dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ọ̀kan ní ká gba ibí, èkejì ní rárá, kò ní já síbì kan, àfi kí ọ̀nà ṣàdédé là látinú "rárá" yẹn, ta ló wá ni í? Ní 2002, ní IIT Kanpur, fáṣítì kan ní Íńdíà, Agrawal àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ méjì, Kayal àti Saxena, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí digirí àkọ́kọ́, rí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè fi yára mọ̀ dájú bóyá nọ́ńbà kan jẹ́ prime, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí nǹkan kan ò lè pín geerege àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀. A, K, S. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé Saxena ló ṣe kékeré.

Wàá rí ibi tí wọn ò ti tẹ̀ lé e. Pépà RSA ti 1978, èyí tó dá lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ kí ẹlòmíì má lè kà á, Rivest, Shamir, Adleman: Adleman ló yẹ kó ṣíwájú, òun fúnra ẹ̀ ló ní ohun tóun ṣe ò tó kí wọ́n kọ orúkọ òun, ìgbà tó gbà, ó ní kí wọ́n fòun sẹ́yìn.

Ibi tó ń dùn mí jù ni "et al.", ìyẹn "àtàwọn yòókù". Tó o bá ń tọ́ka sí iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, jọ̀ọ́ kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ABD lo fi tò wọ́n, tó o bá wá gbé ẹni A nìkan sókè o ti gbé iṣẹ́ àwọn yòókù mì nìyẹn. Kó o sì kọ [7, Theorem 3.2], ìyẹn iṣẹ́ keje nínú ìwé ìtọ́kasí ẹ àti nọ́ńbà àbájáde tó o mú níbẹ̀, má kọ [7] lásán, pépà olójú ewé 60, ibo lo fẹ́ kẹ́ni tó ń kà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

Tí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá fẹ́ gé máàkì ẹ torí S, American Mathematical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2004 pé ABD làṣà wa àti pé iṣẹ́ àjọṣe ò ṣeé pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tẹ̀ ẹ́ jáde, so ó mọ́ fọ́ọ̀mù ẹ.