Èsì: Tẹ́ẹ̀pù apá ọmọ tó bọ́ sí àwọ̀ ìyeyè

Ẹ kú àníyàn, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní tẹ́ẹ̀pù UNICEF, èyí tí a fi ń wọn bí apá ọmọ ṣe nípọn tó láti mọ̀ bóyá oúnjẹ tó o lára, bọ́ sí ìyeyè lápá Táyé ọmọ yín. Ìyeyè yẹn, sẹ̀ǹtímítà 11.5 sí 12.5 ni: oúnjẹ ò tó o lára. Ẹ gbé e lọ sílé ìlera alábọ́ọ́dé lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá kéré sí 11.5, pupa nìyẹn; lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ọmọ oṣù 6 sí 59 nìkan ni tẹ́ẹ̀pù yìí wà fún. Apá òsì ni kí ẹ wọ̀n, láàárín èjìká àti ìgúnpá, kí apá rọ̀ wálẹ̀. Ẹ má fún tẹ́ẹ̀pù náà mọ́ apá jù.

Ẹsẹ̀ wíwú, tí àìtó oúnjẹ lè fà, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn àwọn ìka, fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí ojú ibẹ̀ bá jin kòtò tí kò tètè kún, ẹ gbé e lọ lónìí, àwọ̀ yòówù kí tẹ́ẹ̀pù mú wá.